Ìgò Tí A Pè Ní Mímọ́

Ajé, 1 Òkúdù

Bí aró bá mú níbi tí kò yẹ kó ti mú, ṣé aró ló jẹ̀bi ni, àbí ibi tó ti mú?

Ìbéèrè yìí ló lé oorun lọ lójú mi. Bàbá ọmọ mi yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ìwọ àti ta lẹ tún jọ ń fà á?" Mo ní èmi àti aró ni. Ó ní kí n bá òun kí aró, ló bá sùn lọ. Káfíńtà ni. Pákó kì í tẹ̀ lé e délé. Iṣẹ́ tèmi ń tẹ̀ lé mi, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé àtùpà sórí tábìlì tí mo sì ṣí ìwé yìí.

Òní la bẹ̀rẹ̀ sí í dán aró tuntun wò ní yàrá àyẹ̀wò. Igba ìgò ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ohun tí nọ́ọ̀sì fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbà lẹ́nu ilé-ọmọ igba obìnrin, nọ́ńbà lára ìgò kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń dúró dè wá. Dókítà Kékeré, ẹni tó mú aró náà wá, tún gbogbo rẹ̀ sọ láàárọ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Aró àtijọ́ ń fi ìrísí sẹ́ẹ̀lì hàn wá, ojú wa ló sì ń dá ẹjọ́. Aró tuntun ń wá àmì méjì. Tí àwọ̀ kọfí bá jáde, sẹ́ẹ̀lì náà ń fa bíréèkì. Tí pupa bá jáde, ó ń sáré kó lè pín sí méjì. Sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ dá kì í ṣe méjèèjì pọ̀. Èyí tó bá ń fa bíréèkì tó tún ń sáré, kòkòrò kan ti yí i lórí, ọ̀nà jẹjẹrẹ ti ṣí níwájú rẹ̀, bí jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ bá tilẹ̀ ṣì wà ní ìrìn ọdún mẹ́wàá. "Ìrísí ẹ̀ kọ́ la fẹ́ wò mọ́," ó ní, "ìwà ẹ̀ ni."

Gbólóhùn yẹn dùn mọ́ mi. Nígbà tó di ọ̀sán, mo ti ń ṣiyèméjì nípa rẹ̀. Ìwà ta lèèyàn lè mọ̀ láti ẹ̀yìn gíláàsì?

Kí a tó fọwọ́ kan ìgò obìnrin kankan, gíláàsì méjì ló ń ṣíwájú. Ọ̀kan láti ara ẹni tí a mọ̀ pé àìsàn wà lára rẹ̀: àwọ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ jáde. Èkejì láti ara ẹni tí a mọ̀ pé ara rẹ̀ mọ́: ohunkóhun kò gbọ́dọ̀ jáde. Nígbà tí a ń wá ẹni mímọ́ náà lóṣù tó kọjá, Ìyá Onígíláàsì ló bọ́ síwájú. Òun ni ọ̀gá wa, ọdún kọkàndínlọ́gbọ̀n rẹ̀ rèé lẹ́nu iṣẹ́, òun ló sì kọ́ gbogbo wa. Ó ní, "Ta ló mọ́ jù mí lọ níbí? Àbí ẹ fẹ́ lọ yá ẹni mímọ́ lọ́run ni?" Nọ́ọ̀sì mú un wọ yàrá, ó gba ohun tó máa gbà, a sì lẹ bébà funfun mọ́ ìgò náà: MÍMỌ́.

Lónìí, gíláàsì aláìsàn ṣe bó ṣe yẹ. Gíláàsì mímọ́ náà sì ṣe bíi ti aláìsàn.

Ìyá Onígíláàsì wò ó, ó pòṣé. "Dókítà, aró yín ti bàjẹ́ lọ́nà."

Ìṣẹ́gun, 2

Òjò látàárọ̀. Àjà ń jò sórí fíríìjì aró. A gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí i.

Ọjọ́bọ̀, 4

A ṣí ìgò aró kejì. Bákan náà. Dókítà Kékeré ní omi ni, a lọ ra omi míì. Bákan náà. Ó ní bóyá iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ba fíríìjì jẹ́. A gbé aró lọ sí fíríìjì yàrá abẹ̀bí. Bákan náà.

"Ẹ ti fẹ̀sùn kan omi, ẹ ti fẹ̀sùn kan iná, ẹ ti fẹ̀sùn kan fíríìjì," Ìyá Onígíláàsì ní. "Ó ku onílé."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ó ku ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì fẹ̀sùn kàn.

Ata tún ti gbówó lórí. A jẹ ìrẹsì pẹ̀lú ẹ̀wà, a kò ráhùn.

Ajé, 8

Aláró dé, ọkùnrin tó ń ta aró náà fún wa. Bàtà rẹ̀ tuntun, ó ń ké láti ẹnu géètì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi!"

"A ò tíì di èèyàn yín," Ìyá Onígíláàsì dá a lóhùn. "Ẹ jẹ́ kí aró yín kọ́kọ́ gbọ́ràn ná."

"Mà, ibi mẹ́rìndínlógún ni mò ń tà á sí. Ẹnikẹ́ni ò ráhùn."

"Bóyá wọn ò ríran."

Ọkùnrin náà jókòó sídìí ẹ̀rọ awò, ó wo gíláàsì aláìsàn, ó wo gíláàsì mímọ́, ó sì tún padà wo èkíní. Ó nu òógùn. Ó rọra bèèrè pé, "Ẹ má bínú o. Ìgò mímọ́ yìí, ara ta ni wọ́n ti gbà á?"

"Ara mi."

Ó wo bàtà rẹ̀. "Háà. Ó dájú nígbà yẹn, mà. Aró ni."

Mo rí ọkùnrin tó wá gbèjà ọjà rẹ̀, tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ ba ọjà náà jẹ́ nítorí ìbẹ̀rù obìnrin kan. N kò lè dá a lẹ́bi. Ta ni nínú wa tí kò bẹ̀rù rẹ̀?

Dókítà Kékeré ti dá ọjọ́. Bí gíláàsì mímọ́ kò bá mọ́ títí di Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, yóò kọ̀wé pé aró náà kò ṣeé gbára lé, aró á padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín, a ó sì fi ojú àti aró àtijọ́ ka igba ìgò tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, bí a ti ń ṣe látẹ̀yìnwá.

Ọjọ́rú, 10

Mo dúró lẹ́yìn gbogbo wọn lónìí, mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ńlá. Mo fẹ́ mọ ìgbà tí Ìyá Onígíláàsì ṣe àyẹ̀wò kẹ́yìn. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni. Ó mọ́. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìyẹn náà, ó mọ́. Mo fi ìka wá ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó ka gíláàsì sí.

Òun fúnra rẹ̀ ni. Nígbà méjèèjì.

Kì í ṣe ìwà àìbìkítà, kí n má ṣe parọ́ mọ́ ọn. Ta ni ì bá kà á? Ohun tó bá ta kókó lójú wa, ọ̀dọ̀ rẹ̀ là ń gbé e lọ. Ọ̀dọ̀ ta lòun máa gbé tirẹ̀ lọ? Òun ni ojú ìkẹyìn nínú ilé yẹn. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. A gbọ́ òwe yìí láti kékeré, a sì kọ́ ilé-iṣẹ́ kan tó jẹ́ pé ọ̀bẹ ló ń gbẹ́ èèkù ara rẹ̀ níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá.

Àmọ́ bí mo bá ṣìnà ńkọ́? Aró tuntun ni lóòótọ́. Ọdún mọ́kànlá péré ni mo lò lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Mo ka ìtàn kan rí, n kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, nípa àwọn atukọ̀ tó gbé irin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ńpáàsì wọn, tí wọ́n wá ń bú ìràwọ̀ pé ó ti ṣípò. Èwo lèmi, ẹni tó rí irin ni àbí ẹni tó ń bú ìràwọ̀?

Ọjọ́bọ̀, 11

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú bàbá ọmọ mi nígbà tó ń jẹun, n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo ní bí gbogbo pákó tó bá wọ̀n bá wọ́ ńkọ́?

"Kò sí ọjọ́ kan tí gbogbo pákó máa ń wọ́," ó ní. "Rúlà ẹ ló wọ́."

"Báwo lẹ ṣe máa mọ̀?"

"Mà á yá rúlà ẹlòmíì." Ó bu omi mu. "Méjì, tí mo bá rí i. Nítorí tó bá jẹ́ ẹyọ kan, a ò ní mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ló wọ́."

Ẹni tí mo sọ pé pákó kì í tẹ̀ lé e délé.

Ẹtì, 12

Mo tọ nọ́ọ̀sì lọ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán dáadáa, kí èèyàn tó pọ̀. Mo ní kó gba tèmi sínú ìgò.

"Àǹtí, kí ló dé? Ṣé kò sí o?"

Mo sọ fún un. Ó ní òun náà á fún mi ní tòun, abẹ̀bí á bá òun gbà á. Rúlà méjì.

Mo sùn sórí tábìlì gíga yẹn, mo wo àjà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgò ti gba ọwọ́ mi kọjá, ó sì tó ọdún mẹ́fà tí mo ti dùbúlẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń wá. Ọdún mẹ́fà! Èmi tí mo máa ń sọ fún ìyàwó àbúrò mi pé kó má jẹ́ kó pẹ́. Irin náà tutù.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín rọ̀ o. Ẹ ń ṣe bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ olè."

Ẹ̀rín pa mí, ó sì parí iṣẹ́ rẹ̀ láàárín ẹ̀rín náà.

Àìkú, 14

Òjò. N kò sùn. Bí tèmi náà bá mú aró ńkọ́? Ọ̀nà méjì péré ló wà: bí tèmi bá mọ́, ẹkún ọ̀gá mi ni n ó máa dúpẹ́ lé lórí; bí ó bá mú, èmi ni n ó sunkún.

Ajé, 15

Mo sọ fún Dókítà Kékeré. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ dán, lẹ́yìn náà ó rẹ̀wẹ̀sì, bíi ti ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn tí wọ́n ní kó lọ gbà á lẹ́nu kìnnìún. A fohùn ṣọ̀kan pé n kò gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ni èwo. Ó ṣe gíláàsì méjì-méjì láti inú ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tèmi, ti nọ́ọ̀sì, ti Ìyá Onígíláàsì. Ó kọ nọ́ńbà sí wọn láti ení dé ẹ̀fà bó ṣe wù ú, ó sì ki bébà náà bọ àpò.

"Bó bá rí bí ẹ ṣe rò," ó ní, "ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un o. Èmi ṣì fẹ́ dàgbà."

Ìṣẹ́gun, 16

Gíláàsì kìíní, kò sí nǹkan. Ìkejì: sẹ́ẹ̀lì kan, àwọ̀ kọfí yí i ká, pupa láàárín rẹ̀ bí ojú ẹyẹlé. Òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òmíràn. Ìkẹta òfìfo, ìkẹrin òfìfo. Ìkarùn-ún bíi ti ìkejì. Ìkẹfà òfìfo.

Dókítà Kékeré tú bébà. Ìkejì àti ìkarùn-ún, ìgò kan náà ni. Kì í ṣe tèmi. Kì í ṣe ti nọ́ọ̀sì.

Mo dúpẹ́ kí n tó mọ ohun tí mò ń dúpẹ́ lé lórí. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ojú ìṣẹ́jú náà ṣì ń tì mí di ìsinsìnyí.

Nítorí náà aró kò parọ́ láti ọjọ́ kìíní. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi ń da òótọ́ nù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì nítorí a ti kọ MÍMỌ́ sára ìgò.

Ọjọ́rú, 17

N kò lè sọ ọ́. Ìyá Onígíláàsì ra búrẹ́dì fún gbogbo wa.

Ọjọ́bọ̀, 18

N ó kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n má bàa fi ọjọ́ iwájú tún un ṣe.

Agogo mọ́kànlá kù díẹ̀. Àwa méjì péré la wà nínú yàrá. Mo gbé gíláàsì karùn-ún sábẹ́ awò rẹ̀, mo ní, "Ẹ bá mi wo èyí, mà. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹ máa sọ."

"Oníbéèrè, o tún ti dé." Orúkọ tó sọ mí nìyẹn láti ọdún tí mo wọlé. Ó yọ jígí ojú rẹ̀, ó tẹjú mọ́ awò. Ọwọ́ rẹ̀ ń rọra yí gíláàsì láti òsì sí ọ̀tún bó ṣe kọ́ wa, bí ẹni ń ro oko tí kò fẹ́ fo poro kankan. Ó dúró. Ó padà sẹ́yìn. Ó ń kà á lábẹ́lẹ̀, "Ení. Èjì. Ẹ̀ta..." Ó dé méje kó tó gbójú sókè.

"Kí lo fẹ́ bi mí níbí? Èyí ò lọ́jú pọ̀. Ẹ pe obìnrin yìí. Ẹ má kọ̀wé sí i, ẹ pè é lórí fóònù. Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, mà."

"Ẹgbẹ́ mi." Ó tún tẹjú mọ́ ọn. "Kí ló dé tí kò ti ń ṣe àyẹ̀wò látọjọ́ yìí?"

"Ó ń ṣe é, mà. Ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Wọ́n ní ó mọ́."

"Ta ló ní ó mọ́? Afọ́jú wo ló kà á?"

Omi ń kán sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, tó, tó, tó. Ó rọra gbé orí kúrò lára awò. Ó wò mí. Ó wo tábìlì iṣẹ́ mi, ibi tí ìgò mẹ́ta dúró sí, bébà funfun lára ọ̀kan nínú wọn.

"Oníbéèrè." Ohùn rẹ̀ ti kéré. "Ìgò ta ni?"

"Tiyín ni, mà."

Kò pariwo. Kò bú mi. Ó gbé jígí rẹ̀ wọ̀, ó fi bébà rírọ̀ nu ojú awò bó ṣe máa ń ṣe lálaalẹ́, ó sì fi aṣọ bo ẹ̀rọ náà, àfi bí ẹni pé ilẹ̀ ti ṣú. Ó gbé báàgì rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló ti sọ̀rọ̀.

"Aró yẹn dáa," ó ní.

Ẹtì, 19

Kò wá. Ọdún mọ́kànlá, n kò rí i kó pa iṣẹ́ jẹ rí. Fóònù rẹ̀ ń dún, kò gbé e.

Ṣé mo ní ẹ̀tọ́ láti ṣe é báyẹn? Mo jẹ́ kó dá ẹjọ́ ara rẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀nà kan ṣoṣo tó lè gbà gbọ́ nìyẹn. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀rù ló bà mí láti fi ẹnu mi sọ ọ́, ni mo fi yá ẹnu rẹ̀ lò.

Àbámẹ́ta, 20

Ó wá sílé wa. Agbòòrùn lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù. Bàbá ọmọ mi gbé àga tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn fún un: "Ẹ jókòó sí èyí, mà. Èyí ò mì." Lẹ́yìn náà ó rántí pé òun ní iṣẹ́ kan tóun fẹ́ ṣe níta nínú òjò.

Ó mu tíì rẹ̀ dé ìdajì kó tó sọ̀rọ̀.

"O lè fẹnu sọ fún mi lásán."

"Ẹ ò ní gbà, mà."

"N ò ní gbà," ó ní. "Mà á ní aró ni." Ó yí kọ́ọ̀pù lọ́wọ́. "O fi ojú ara mi gbá mi létí."

"Ẹ dákun, mà."

"Má bẹ̀ mí. Tó bá jẹ́ ojú ẹlòmíì ni, ǹ bá bá a jà. Ta ni mo fẹ́ bá jà báyìí?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò dé ojú. "Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń sọ fún àwọn obìnrin pé ẹ má bẹ̀rù. Wọ́n á sì ní ẹ ṣé, mà. Ẹyọ ẹnì kan nínú wọn ò bi mí pé, báwo lèèyàn ṣe ń ṣe é?"

Èmi náà kò bi í rí. Èmi oníbéèrè.

"Tẹ̀ lé mi lọ lọ́jọ́ Ajé," ó ní. "Kò sóhun tí wàá ṣe. Ṣáà wá jókòó."

Ajé, 22

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn. Wọ́n fún un ní káàdì, nọ́ńbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nọ́ọ̀sì fẹ́ mú un gba ẹ̀yìn wọlé, ó kọ̀. Ìyá àgbà kan tó jókòó tì wá wo bí ó ṣe ń yí káàdì náà lọ́wọ́.

"Ọmọ mi, ìgbà àkọ́kọ́ ẹ rèé?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Kì í dunni o. Tútù ló kàn tutù. Ìwọ ṣáà máa ka nǹkan lọ́kàn. Èmi, orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ mi ni mo máa ń kà. Kí n tó kà wọ́n tán, wọ́n á ti parí."

"Ẹ ṣé, mà," Ìyá Onígíláàsì dáhùn, bí ọmọ iléèwé. Mo wo ògiri kí n má bàa rẹ́rìn-ín, kí n má bàa sunkún náà.

Dókítà obìnrin tó wò ó fi omi kíkan nu ibẹ̀, ibì kan sì funfun, àmì ibi tí ara kò ti dá. Ó gé ègé ara mẹ́ta kéékèèké. Ìyá Onígíláàsì ní kí wọ́n má gbé e wá sọ́dọ̀ wa o. Kí ilé àyẹ̀wò míì kà á, kí ó sì jẹ́ èèyàn méjì.

"Kí lẹ kà lọ́kàn?" mo bi í lójú ọ̀nà.

"Orúkọ ẹ̀yin tí mo kọ́ níṣẹ́. Ẹ pọ̀ o. Ibi tí mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ ni dókítà ti ní òun ti ṣe tán."

Ẹtì, 26

Ọjọ́ tí Dókítà Kékeré dá nìyí. Ó kọ̀wé, kì í ṣe ìwé tó fẹ́ kọ tẹ́lẹ̀. Aró kò ní padà mọ́. Láti òní lọ, ẹni mímọ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, mẹ́ta ni, a ó sì yẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò kí a tó pè wọ́n ní mímọ́. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ ka gíláàsì ara rẹ̀ mọ́. Ìyá Onígíláàsì ló ní kí a kọ èyí tó kẹ́yìn yìí sílẹ̀, ó sì ní kí n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́, nítorí èmi àti ìwé kíkọ tí kò ṣeé kà kò jìnnà síra.

Ó ti ń bú wa padà. Mo dúpẹ́.

Èsì ègé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé lọ́sàn-án. Ìpele kẹta. Kò sí ìpele kẹrin kó tó di jẹjẹrẹ. Àmọ́ kò tíì fo ọgbà. Wọn ó gé ibẹ̀ kúrò lọ́jọ́ Ajé.

Ajé, 29

Wọ́n fi wáyà tín-ín-rín tí iná wà lára rẹ̀ gé e. Kò tó ogún ìṣẹ́jú. Ó ti ń rìn lọ sílé kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ń ṣàròyé pé dókítà náà ń kọrin lẹ́nu iṣẹ́, kò sì mọ orin kọ.

Ó ku kí a mọ̀ bóyá etí ibi tí wọ́n gé mọ́. Bí kò bá mọ́, ó ṣẹ́ kù sínú nìyẹn.

Ọjọ́rú, 1 Agẹmọ

Kò sí èsì. A bẹ̀rẹ̀ sí í ka igba ìgò náà.

Àìkú, 5

Kò sí èsì. Ní ìrọ̀lẹ́, mo ń ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ńlá yẹn sẹ́yìn lọ́kàn mi, ọdún dé ọdún. Mélòó la ti kọ "ó mọ́" sí tí kò mọ́? Ta ló máa dáhùn èyí? Bàbá ọmọ mi ní àga tí òun kàn lọ́dún tí òun ń kọ́ṣẹ́, òun kò lè lọ máa wọlé onílé láti lọ tún wọn kàn. Mo ní mo lè bẹ̀rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó wò mí títí. "Lọ bẹ̀rẹ̀," ó ní.

Ọjọ́bọ̀, 9

Ìyá Onígíláàsì wọlé pẹ̀lú àpò-ìwé kan tí kò tíì ṣí, ó jù ú sórí tábìlì mi.

"Kà á."

"Mà, tiyín ni."

"Ìdí tí n ò fi gbọ́dọ̀ kà á nìyẹn. Òfin wà lára ògiri. Ìwọ lo kọ ọ́."

Nọ́ọ̀sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà, Dókítà Kékeré lẹ́yìn rẹ̀. Mo ya á. Mo ka ìlà àkọ́kọ́, mo fò ó, mo wá ìlà tó kẹ́yìn.

"Etí rẹ̀ mọ́," mo ní. "Yíká-yíká. Èèyàn méjì ló fọwọ́ sí i."

Ó jókòó sórí ìjókòó rẹ̀, ó tú aṣọ lórí ẹ̀rọ awò, ó sì gbé ojú sí i bẹ́ẹ̀, láìsí gíláàsì kankan lábẹ́ rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bi í pé kí ló ń wò.

Nígbà tó dìde, ó lọ sí fíríìjì, ó mú ìgò tó ní bébà funfun lára. Ó fi èékánná họ bébà náà kúrò. Ó kọ òmíràn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó sì gbé ìgò náà sí àpótí kejì, níbi tí a ń kó ti àwọn aláìsàn tí a mọ̀ sí, èyí tí aró gbọ́dọ̀ mú kí a tó lè gbàgbọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́.

"Ó ṣì wúlò," ó ní. "Kò mọ́, àmọ́ kò parọ́ rí. Lójoojúmọ́ ni kí ẹ máa fi ṣíwájú."

Ẹtì, 10, títí di àárọ̀ Àbámẹ́ta

Ogójì ìgò la ti kà. Mẹ́ta ló ní àmì méjèèjì. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, bó bá jẹ́ aró àtijọ́ nìkan ni, èmi fúnra mi ì bá kọ "ó mọ́" sí i. Mo tún un wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìrísí rẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Ìwà rẹ̀ ló tú u fó.

Ìyá Onígíláàsì kò jẹ́ kí nọ́ọ̀sì pe àwọn obìnrin náà. Ó ní òun ni. Mo gbọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ohùn tó fi ń bú wa ni, ó kàn rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀: "Rárá o, ìyá, wọn ò ní ẹ máa kú. Wọ́n ní ẹ wá ni. Ẹ̀rù? Á bà yín, kò sóhun tí mo lè ṣe sí ìyẹn. Ó bà mí náà. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn lóṣù tó kọjá. Tútù ló kàn tutù. Ẹ máa ka orúkọ àwọn ọmọ yín lọ́kàn." Ó fetí sí i. "Mẹ́jọ? Ẹ ò ní kà wọ́n tán."

Méjì ti ní àwọn ń bọ̀. Ẹ̀kẹta kò gbé fóònù. Ó ní òun máa lọ sílé rẹ̀ lọ́la, òun kò ní kọ̀wé.

Òun náà á padà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí wọ́n tún un wò, àti lẹ́yìn ìyẹn. N kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ohun tí mo lè sọ ni pé ní ọjọ́ kìíní Òkúdù, ọ̀gá mi kò mọ̀, èmi kò mọ̀, omi, iná àti fíríìjì sì fẹ́ wọ ẹ̀wọ̀n láìṣẹ̀. Bí òun kò bá gbéraga, kò ní fún wa ní ìgò yẹn. Bí aró náà bá burú lóòótọ́, a kò ní rí i. Mo ti ń yẹ ìṣírò yìí wò láti agogo mẹ́ta, n kò mọ ẹni tí mo jẹ ní ọpẹ́ rẹ̀ gan-an, nítorí náà mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, títí dórí Aláró àti bàtà rẹ̀.

Bàbá ọmọ mi ti jí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń họ àyà.

"Ìwọ àti aró, ẹ ti parí ìjà?"

Mo ní a ti parí.

"Ta ló jẹ̀bi?"

Mo ní kó lọ gbé omi kaná. Ilẹ̀ ti mọ́ tó láti fi rí ohun tí mò ń kọ. Mo fẹ́ àtùpà pa.